Igi Tútù Láàárín Ìdì

Ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà ní Kútọnú, obìnrin kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Aláṣọ. Látífàt ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, Mùílíù ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí ilẹ̀ Dàhòmì ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ogun ńlá kejì àwọn òyìnbó. Aṣọ ni tọkọtaya náà ń tà. Mùílíù a lọ sí Èkó, a ra aṣọ wá. Látífàt a tò ó sórí pẹpẹ níwájú ilé, a fi ìborùn lé èjìká, a jókòó sórí àpótí rẹ̀, a máa wo àwọn tó ń kọjá. Kì í kígbe pe oníbàárà. Ó ní ẹlẹ́ja ló ń kígbe.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìkómọ kan ní ilé Rájí alápatà, wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn obìnrin, Látífàt sì ti fẹ ìró sílẹ̀ bí adìyẹ tó sàba, nígbà tí obìnrin àgbàlagbà kan wá jókòó tì í. Ìyá Dúró ni, ará Ṣábẹ̀, aṣẹ́gità tó ń ta igi ìdáná létí ọ̀sà. Dúrótoyè ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Ìyá náà ti wẹ̀, ó ti para, aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́ nigín-nigín, àfi èèpo igi kékeré kan tó há sí irun rẹ̀ lẹ́yìn etí. Látífàt rí èèpo igi náà. Ó fa ìró rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní:

"Ẹ rọra jókòó o, ìyá. Aṣọ tí mo wọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ṣáná."

Gbogbo ẹní bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Dúró náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fọwọ́ tẹlẹ̀, ó dìde, ó lọ bá àwọn tó ń dáná lẹ́yìnkùlé. Kí wọ́n tó pín oúnjẹ tán, Látífàt ti gbàgbé ohun tó sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí: ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, kò kọ́kọ́ dà bí ohun tó kan àwọn tó ń taṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, ìròyìn dé pé ilẹ̀ Faransé ti ṣubú lọ́hùn-ún, pé àwọn tó ń ṣàkóso Dàhòmì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Nàìjíríà kò fẹ́ rí ara wọn sójú mọ́. Wọ́n ti ẹnubodè pa. Èkó ni Mùílíù wà lọ́jọ́ tí wọ́n tì í, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ṣòwò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà kò wọlé, ènìyàn kò wọlé. Látífàt nìkan ló kù pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Rasidat tó jẹ́ àkọ́bí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́tàlá ni.

Aṣọ orí pẹpẹ ń dín kù bí ọṣẹ inú omi. Nígbà tí ó tán, Látífàt bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ inú àpótí ara rẹ̀. Ó ta èyí tó fi ṣe ìyàwó. Ó ta èyí tó wọ̀ lọ sí ilé Rájí. Ó wá ku aṣọ méjì péré. Àwọn méjì yìí ló ń tẹ́ sórí pẹpẹ láràárọ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé Ìyá Aláṣọ kò ní aṣọ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà á, a ní, "Ẹ má bínú, ẹnì kan ti bá mi sọ ọ́ sílẹ̀ ni." Ó mọ̀ pé bí òun bá tà á, pẹpẹ yóò ṣófo, orúkọ òun náà yóò sì ṣófo.

Igi ló wá gbà á. Epo òyìnbó ti wọ́n, ọkọ̀ ojú irin pàápàá ti ń jẹ igi dípò èédú, gbogbo ilé ló ń wá ohun tí wọn yóò fi se oúnjẹ. Ọjọ́ tí Látífàt lọ ra igi tirẹ̀ létí ọ̀sà, ó rí i bí àwọn obìnrin ṣe ń já igi gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó padà sílé, ó jókòó, ó rò ó. Ní ọjọ́ kejì ó fi ìborùn bo orí àti ẹnu, ó lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń kó igi bọ̀ láti ìhà Kàlàfí, ó ra díẹ̀. Ó là á lẹ́yìnkùlé, ó fi okùn ọ̀pẹ dì í ní ìdì kéékèèké. Ó sọ fún àwọn aládùúgbò pé igi tí òun rà ló pọ̀ jù, pé ẹni tó bá fẹ́ lè rà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Iwájú ilé, aṣọ méjì tí kò ní í tà. Ẹ̀yìn ilé, igi tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìtìjú náà kì í jẹ́ kí ó gbádùn ohun tó ń rí níbẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń fọ ọwọ́ kí òórùn igi lè kúrò lára rẹ̀. Ó ń wọ bùbá alápá gígùn nínú oòrùn ganrínganrín nítorí pé ẹ̀gún igi ti fa apá rẹ̀ ya. Ó kìlọ̀ fún Rasidat pé, "Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ohun tí ìyá rẹ ń ṣe, aṣọ ni." Ọmọ náà kàn wò ó. Wíwò yẹn dùn ún ju ẹ̀gún lọ.

Ṣùgbọ́n kò mọ igi. Àwọn ọlọ́kọ̀ rí i pé ẹni tó bojú kò lè bá àwọn jiyàn níta gbangba, wọ́n sì ń ta èyíkéyìí tó bá wù wọ́n fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ru ẹrù kan lọ, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Sọ ọ́ kalẹ̀, ọmọ mi. Omi lo rù, kì í ṣe igi."

Ìyá Dúró ni. Látífàt fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìborùn wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ìyá náà mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Dúró bẹ̀rẹ̀, ó mú igi méjì láti inú ẹrù rẹ̀, ó fi wọ́n lu ara wọn. Ó dún púkẹ́. Ó mú méjì láti inú òkìtì tirẹ̀, ó lù wọ́n. Ó dún ko, bí ìgbà tí a kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Èyí tó bá ń dáhùn ló gbẹ. Wo ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e. Bí kò bá tíì sán, omi ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àràbà fún ọ, má gbà á, ìwé ni, á jó tán kí omi tó hó. Àyìn ni kí o máa bèèrè. Àyìn ló ń pẹ́ nínú iná."

Kò bi í léèrè ohun tó gbé Ìyá Aláṣọ dé etí ọ̀sà. Kò dárúkọ ilé Rájí. Ó gbá ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì tirẹ̀, ó ní kí ó máa to igi síbẹ̀, ó sàn ju kí ó máa rù ú lọ sílé kó tún máa rù ú jáde. Látífàt dúpẹ́ lábẹ́ ìborùn. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn méjèèjì jọ ń tà. Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀, igi Látífàt sì ń tà dáadáa, débi pé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ní Àkpàkpà ń sọdá afárá wá rà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Nígbà òjò, Látífàt ra ẹrù kan tí òjò ti pa nínú ọkọ̀. Ó mọ̀ pé ó tutù. Ó ti mọ igi nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹrù náà pọ̀, wọ́n sì tà á fún un ní ọ̀pọ̀. Ìyá Dúró ní, "Sá a. Bí oòrùn bá ràn fún ọjọ́ mẹ́rin, á ṣeé tà." Oòrùn kò ràn. Ní ọjọ́ kẹta, Látífàt wo ọ̀tún wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi tútù sí àárín ìdì, ó ń fi àyìn gbígbẹ yí i ká. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ìdì mélòó kan ni, pé àwọn ọlọ́kọ̀ ṣáà ti ṣe é fún òun rí. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan wá, ó ra mẹ́ta nínú ìdì náà, ó lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ooru mú, Látífàt sì tú ìborùn kúrò lójú kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Bó ti gbé ojú sókè, Màdámù Clotilde ló rí tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti ojú títì.

Ọmọ àgùdà ni Màdámù Clotilde, ọ̀kan lára àwọn tí baba ńlá wọn padà bọ̀ láti ilẹ̀ Brasil. Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Dàhòmì náà ni wọ́n bí i sí, ó ń sọ Yorùbá bí omi. Akọ̀wé ni ọkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, òun náà sì ni oníbàárà tí Látífàt fi ń yangàn jù lọ nígbà tí aṣọ wà. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ra igi lánàá ń tẹ̀lé e, ó ru igi tó ti dúdú lápá kan, tí apá kejì ṣì tutù.

"Háà, Ìyá Aláṣọ!" Clotilde dúró. "Kí lẹ wá ṣe níbi báyìí?"

Ẹnu Látífàt ló dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. "Igi ni mo wá rà, Màdámù."

"Ẹ má rà á níbí o! Olè ni wọ́n. Àná ni ọmọ mi gba ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ọkọ mi wá láti Àjàṣẹ́, àlejò kún ilé. Èéfín lé gbogbo wa jáde. Ìrẹsì kò jinná títí àlejò fi lọ. Ìyá ọkọ mi ní òun kò mọ̀ pé ọmọ òun fẹ́ ẹni tí kò lè dáná." Ó yíjú sí ọmọ ọ̀dọ̀ náà. "Níbo lo ti rà á?"

Ọmọ ọ̀dọ̀ náà nawọ́ sí òkìtì Látífàt. Ó wo Látífàt fúnra rẹ̀. Ìborùn wà lójú Látífàt lọ́jọ́ tó ra igi, ṣùgbọ́n ohùn kò ní ìborùn. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

"Ta ló ni òkìtì yìí?" ni Clotilde bèèrè.

Látífàt gbọ́ bí omi ṣe ń lu ìdí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ, ọ̀rọ̀ tí kò gùn ju èémí kan lọ. Ó la ẹnu, ó sì gbọ́ ara rẹ̀ tó ń sọ pé:

"Mi ò mọ̀ o, Màdámù. Bóyá ti ìyá yẹn ni."

Ó sì fi ẹnu júwe Ìyá Dúró.

Ìyá Dúró gbé ojú sókè láti ibi tó ti ń di igi. Ó wo Látífàt, kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gbọn èèpo igi kúrò lórí ìró rẹ̀, ó dìde.

"Tèmi ni," ló wí.

Clotilde gba igi lórí ọmọ ọ̀dọ̀ náà, ó dà á sí ẹsẹ̀ ìyá náà. "Ìwọ arúgbó yìí! O ti fẹ́ kú, o ṣì ń jalè? Irun funfun tó wà lórí rẹ yìí, ojú kì í tì ọ́?" Obìnrin tó lè bí i lọ́mọ ló ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ dúró, wọ́n ń wò. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Dúró kò dá a lóhùn, ó mú ìdì mẹ́ta nínú àyìn tirẹ̀, èyí tó gbẹ jù, ó gbé e lé orí ọmọ ọ̀dọ̀ náà, ó ní, "Ẹ má bínú."

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n Clotilde di Látífàt lọ́wọ́ mú. "Ẹ jẹ́ ká lọ, Ìyá Aláṣọ. Ibí yìí kì í ṣe ibi tí irú yín ń dúró sí." Látífàt sì tẹ̀ lé e. Ó bá a rìn gba ojú títì títí dé ìdí afárá, ó ń dáhùn bí Clotilde ṣe ń bèèrè ìgbà tí aṣọ tuntun yóò dé, ó ń ní láìpẹ́, láìpẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ Clotilde, ó ń bẹ̀rù pé yóò mọ bí àtẹ́lẹwọ́ náà ti yi tó. Ọmọ ọ̀dọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú igi.

Látífàt kò lè jẹun nígbà tó délé. Ó jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń rántí ojú ìyá náà. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ilé Rájí padà bọ̀ sí i lọ́kàn, pẹ̀lú ẹ̀rín àwọn obìnrin, pẹ̀lú bí ìyá náà ṣe fọwọ́ tẹlẹ̀ kó tó dìde. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó wá rí i pé ẹ̀sín tí òun ń sá fún kò dà bí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí òun fọwọ́ ara òun fà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lọ sí etí ọ̀sà. Ní ọjọ́ kẹrin ó lọ, kò bojú. Òkìtì Ìyá Dúró ga ju bó ti máa ń ga lọ. Clotilde ti sọ ọ́ káàkiri àwọn ilé àgùdà, wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, àwọn oníbúrẹ́dì náà sì ti gbọ́. Òkìtì Látífàt ṣì wà níbẹ̀. Ìyá náà ti fi ewé ọ̀pẹ bò ó nítorí òjò.

Látífàt kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ìyá Dúró, ẹ dárí jì mí."

"Dìde, ìró rẹ á bàjẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ pé tiyín ni?"

Ìyá náà fa okùn kan yọ, ó ń dì í mọ́ ọwọ́. "Wọ́n ti ń bú mi látìgbà tí mo ti ń ta igi. Ó ti mọ́ mi lára. Ìwọ, mo wo ojú rẹ, mo rí i pé o máa ṣubú lulẹ̀. Mo ní kí n gbà á fún ọ títí wàá fi lè mí." Ó tú okùn náà kúrò lọ́wọ́. "Mo rò pé kí ẹ tó dé ìdí afárá, o ti máa sọ fún un. Mo ń wò yín lọ. Mo ń retí kí o dúró."

Bí ìyá náà bá gbá Látífàt létí, ara ì bá tù ú.

Látífàt dìde, ó di ìdì àyìn mẹ́ta, ó gbé e lé orí. Ọ̀nà tó gùn ló gbà lọ sílé Clotilde, èyí tó kọjá níwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àwọn kan kí i bí ìṣe wọn, wọ́n rí ohun tó wà lórí rẹ̀, ìkíni náà sì gé lẹ́nu wọn. Safurat alágbo, tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹní nílé Rájí, pè é pé, "Ìyá Aláṣọ, ṣé kò sí nǹkan?" Ó dáhùn pé, "Igi ni mò ń tà báyìí." Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò tó bó ṣe rò.

Clotilde jáde sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Látífàt kò sọ igi kalẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán: pé òun ló ni òkìtì, pé òun ló fi igi tútù sáàárín ìdì, pé ìyá arúgbó náà kò mọ̀ nípa rẹ̀, pé kò sí aṣọ, pé ó ti lé ní ọdún kan tí kò ti sí aṣọ.

Clotilde wo igi orí rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń bú ìyá àgbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì tún bá mi rìn lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdámù."

"Ẹ gbé igi yín padà," ni Clotilde wí. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò pariwo. Látífàt ti múra sílẹ̀ fún ariwo, kò múra sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ilé àgùdà ti padà sọ́dọ̀ Ìyá Dúró. Clotilde fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ìyá náà bí wọ́n ti ń kí àgbà, ó ra igi ju èyí tó nílò lọ. Kò wo ìhà ọ̀dọ̀ Látífàt. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé wọn ní Kútọnú. Àwọn ènìyàn gba orúkọ Ìyá Aláṣọ kúrò lẹ́nu, Ìyá Onígi ni wọ́n ń pè é, àwọn kan fi ń ṣẹ̀fẹ̀, àwọn kan kàn ń pè é ni. Ó ta aṣọ méjì orí pẹpẹ náà, ó fi ra igi. Fún ìgbà pípẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá wá rà lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń tú ìdì níwájú ẹni náà kí ó tó gba owó, ojú a sì tún tì í bí ó ti ń tú u.

Nígbà tí ẹnubodè ṣí, Mùílíù dé. Ó ti rù. Aṣọ díẹ̀ ló gbé bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó dúró lẹ́yìnkùlé, ó ń wo igi tí wọ́n tò dé àtẹ́rígbà.

"Látífàt, ta ló ni gbogbo èyí?"

"Tèmi ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan apá ti etí ọ̀sà tí ẹnikẹ́ni kò ní í sọ fún un bí òun bá pa á mọ́. Mùílíù gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ì bá sàn kí o má sọ ìyẹn fún mi." Wọn kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n padà sí ìdí aṣọ, ṣùgbọ́n Látífàt kò fi igi sílẹ̀. Ó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ níwájú ilé, ó sì ń tà á létí ọ̀sà, títí àwọn ọmọ fi dàgbà.

Òun àti Ìyá Dúró jọ wà létí ọ̀sà fún ọdún mẹ́fà sí i. Wọ́n jọ ń pín omi, wọ́n jọ ń pín òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n àáké. Ìyá náà kò dì í sínú. Ṣùgbọ́n kò pè é ní "ọmọ mi" mọ́. "Látífàt" ló ń pè é, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ṣe lè pè é.

Nígbà tí ojú ìyá náà ń ṣe bàìbàì, Dúrótoyè ọmọ rẹ̀ kọ́ ilé sí Ṣábẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pé kí ó máa bọ̀ wálé. Látífàt ló ru ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin. Àárọ̀ kùtùkùtù ni, èrò pọ̀, ọkọ̀ ti ń fọn. Ó bá ìyá náà wọnú ọkọ̀, ó to ẹrù sábẹ́ ìjókòó, ó sì dúró síbẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀.

"Ìyá," ló wí, "ọjọ́ yẹn létí ọ̀sà..."

Ìyá Dúró gbé ọwọ́ sókè. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Má tún sọ ọ́ mọ́, Látífàt. Ìgbàkígbà tí o bá sọ ọ́, èmi náà á tún gbọ́ ọ."

Látífàt sọ̀kalẹ̀. Ó dúró láàárín èrò títí ọkọ̀ fi lọ.